Bí Mo Ṣe Fi Excel Dán An Wò: Ṣé Eré Kasínò Ọ̀fẹ́ Lè Sọ Ohun Tí Tẹ́tẹ́ Olówó Máa Mú Wá?

Ẹni tó ta roulette ọ̀fẹ́ (tẹ́tẹ́ orí kẹ̀kẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sínú ihò rẹ̀) fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ń jẹ lójoojúmọ́, ṣé ó lè retí pé bẹ́ẹ̀ náà ni owó gidi á ṣe máa wọlé? Excel ni mo fi wá ìdáhùn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà sì lè tún un ṣe.

Roulette ti Yúróòpù ni mo yàn, torí ìṣirò rẹ̀ kò fara pamọ́. Ihò 37 ló wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀: pupa 18, dúdú 18, àti òdo kan ṣoṣo. Bí o bá ta ẹyọ 1 lé pupa, tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí pupa, o jẹ ẹyọ 1. Bó bá bọ́ síbòmíràn, tìrẹ lọ. Ihò 18 wà fún ọ, 19 wà fún ilé tẹ́tẹ́. Ihò kan tó lé yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jẹun: ó jẹ́ 2.7% gbogbo owó tí wọ́n bá ta. Ti Amẹ́ríkà ní òdo méjì, ihò rẹ̀ jẹ́ 38, ìpín ilé tẹ́tẹ́ sì ga dé 5.26%.

Nínú òpó A, láti ìlà 1 dé 1000, mo kọ =RANDBETWEEN(0,36), tó ń mú nọ́ńbà kan jáde láìṣàyàn láti 0 dé 36. Nọ́ńbà 1 sí 18 ni mo fi ṣe pupa. Wọn kì í tò bẹ́ẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ gidi, àmọ́ iye wọn ló já mọ́ nǹkan, kì í ṣe ipò wọn. Nínú òpó B mo kọ =IF(AND(A1>=1,A1<=18),1,-1), mo fà á dé ìsàlẹ̀, mo sì fi =SUM(B1:B1000) ro ó pọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ F9, ẹgbẹ̀rún ìta tuntun ló ń jáde.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni kí ènìyàn kọ (1,36) dípò (0,36). Òdo ti lọ nìyẹn, ìpín ilé tẹ́tẹ́ bá a lọ, èsì á sì máa parọ́ pé kò sẹ́ni tó ń pàdánù. Ohun mìíràn ni pé nọ́ńbà wọ̀nyí ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí o bá kọ ohunkóhun sínú ìwé náà. Èyí tí o bá fẹ́ tọ́jú, dà á kọ kí o sì lẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye lásán, láìsí fọ́múlà.

Kí n lè rí eré púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo lo ọ̀nà àbùjá: =2*BINOM.INV(1000,18/37,RAND())-1000. Àpótí kan ṣoṣo ń fúnni ní èrè tàbí àdánù ẹgbẹ̀rún ìta. Mo fi í kún ìlà 200 nínú òpó D, mo pe ìyẹn ní eré ọ̀fẹ́. Mo tún fi kún òpó E, mo pè é ní eré olówó. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún atatẹ́tẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni =CORREL(D1:D200,E1:E200), tó ń wọn bí òpó méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn. Bí eré ọ̀fẹ́ bá ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, iye yìí á sún mọ́ 1. Ẹ̀gbẹ́ òdo ló ń rìn, bí mo sì ṣe ń tẹ F9, agbára káká ló fi ń kọjá 0.14 sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ohun tó tún fi hàn kedere jù ni pé mo lẹ òpó méjèèjì gẹ́gẹ́ bí iye lásán, mo tò wọ́n pọ̀ bí D ṣe ga sí, mo sì wo àwọn 20 tó jẹ jù nínú eré ọ̀fẹ́. Ìpíndọ́gba wọn nínú òpó E kò jìnnà sí -27 (2.7% ẹgbẹ̀rún ìta), bíi ti gbogbo èrò yòókù.

Ẹnìkan lè sọ pé èmi ni mo kọ fọ́múlà tí òpó méjèèjì kò fi mọ ara wọn. Òótọ́ ni, torí bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí náà nìyẹn. Bọ́ọ̀lù kò rántí ìta àná. Níbi tí eré ọ̀fẹ́ àti olówó bá ti yàtọ̀, oníbàárà ni ìyàtọ̀ náà máa ń tàn jẹ. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Kánádà yẹ ojúlé tẹ́tẹ́ 117 wò. Nínú 39% wọn, eré ìdánwò ń san ju 100% owó tí wọ́n ta lọ, ó sì di àwátì nígbà tí owó gidi dé. Ní Bìrìtéènì, òfin ti wá sọ pé ìlànà eré ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ bá ti olówó dọ́gba.

Kí ló dé tí ojú fi ń tan ènìyàn? Ìta kò pọ̀ tó ni. Lẹ́yìn ìta 100, nǹkan bí 35 nínú atatẹ́tẹ́ 100 ló ṣì wà nínú èrè. Lẹ́yìn 1000, wọ́n ku bíi 19. Lẹ́yìn 10,000, kò tó 4 nínú ẹgbẹ̀rún. Eré ọ̀fẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún mélòó kan.

Ọgbọ́n kí a máa ta ìlọ́po méjì lẹ́yìn àdánù kọ̀ọ̀kan ló léwu jù láti fi eré ọ̀fẹ́ kọ́. Àdánù 10 léra léra ń jẹ ẹyọ 1023, láti orí ẹyọ 1 péré. Nínú ìta 1000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgbà tí irú rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nínú eré ọ̀fẹ́, bọ́tìnì kan ló ń dá ẹyọ náà padà, ojú kì í sì í rí ihò tó gbẹ́.

Blackjack, eré káàdì, ni eré ọ̀fẹ́ ti wúlò, torí ìpinnu wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè kọ́. Má ka iye tí o jẹ. Ka iye ìgbà tí ìpinnu rẹ kò tọ̀nà nínú ìpinnu 200. Kí o tó gbà pé eré méjèèjì jọra, ṣí ojú ìwé ìlànà wọn: tábìlì tó ń san 6:5 fún blackjack dípò 3:2 ń fi nǹkan bí 1.4% kún ìpín ilé tẹ́tẹ́. Fún slot (eré ẹ̀rọ alámì tó ń yí), wo iye RTP, ìyẹn ìdá owó ìta tí eré ń san padà, nínú ẹ̀yà olówó gan-an, torí eré kan náà lè ní ju RTP kan lọ, ilé tẹ́tẹ́ ló sì ń yan èyí tó fẹ́.