Ẹnu ti pa dé, ohùn ò tíì dé: kí ló ń ṣe fídíò mi?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, fóònù ni mo fi ya ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníwákàtí kan, mo sì fi ẹ̀rọ mìíràn gba ohùn lọ́tọ̀. Nínú DaVinci Resolve, ètò tí mo fi ń ṣàtúnṣe fídíò, ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu rẹ́gí. Tó bá fi máa di ìparí, ẹnu á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo ti fa ohùn síwá sẹ́yìn títí, pàbó ló já sí.

Ìdáhùn: Ẹ má fà á mọ́. Ká ní bó ṣe pẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ló pẹ́ dé òpin, fífà ì bá tó. Èyí tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí, fóònù ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í dúró sójú kan: tí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, iye fréèmù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) tó ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè wálẹ̀ láti 30. Bí ètò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ bá wá kà á bíi pé 30 ni látòkèdélẹ̀, àwòrán á sáré parí, á fi ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ fi MediaInfo, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, ṣí fáìlì fídíò náà, kí ẹ wo Frame rate mode. Bó bá kọ Variable (tó ń yí padà) síbẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Ẹ fi HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà, tún un ṣe: ẹ yan 30 àti Constant Framerate (iye fréèmù tí kì í yí padà), kí ẹ tó kó o wọ Resolve. Ẹ má pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́ o, torí àtúnṣe yìí máa ń bu díẹ̀ lára dídán àwòrán.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é. Mo tún yí i sí fréèmù 29.97 nínú Clip Attributes (ibi tí a ti ń sọ fún Resolve bó ṣe máa ka fáìlì) kó lè bá timeline mi, ibi tí mo ti ń to fídíò, mu. Ohùn ló wá ń ṣáájú báyìí, ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ lópin. Àbí 44.1 kHz (ìgbà 44,100 tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí mo fi gbà á ni?

Ìdáhùn: Rárá. Ká ní wọ́n ṣi ohùn 48 kà sí 44.1 ni, ìṣẹ́jú kan á di ìṣẹ́jú àáyá 65, ohùn á sì wúwo bíi ti ẹni tí oorun ń kùn; ẹ ò ní dé ìparí kí ẹ tó mọ̀. Resolve á yí 44.1 padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n 48 ni kí ẹ máa lò fún fídíò. Ti CD ni 44.1.

29.97 yẹn gan-an ni. Ìgbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìlànà tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ lọ́dún 1953 ni wọ́n fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún dín 30 kù, kí àwọ̀ àti ohùn má baà máa dí ara wọn lọ́wọ́. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ 3.6. Ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ẹ dá Clip Attributes padà sí 30.

Bí ohun tín-ín-rín bá ṣì kù, aago inú ẹ̀rọ méjèèjì ni kò rìn dọ́gba. Ẹ gé ohùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, kí ẹ sún un díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́ẹ̀kan ní ìparí, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ máa so wọ́n mọ́ra.