Bí mo ṣe gba ìtọ́jú kánsà ọmú parí l'Ábújá

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi mí bí mo ṣe gba ìtọ́jú yìí dé òpin, torí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà pọ̀ gan-an. Oògùn ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn èèyàn tó yí mi ká ló jẹ́ kí n lè máa padà lọ gba oògùn yẹn.

Kókó tí ò dùn mí rárá ni mo fọwọ́ kàn lọ́mú òsì. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín o, kánsà ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ní National Hospital wọ́n ya skáànù, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n tún wò ó fún ER àti PR, ìyẹn ibi tí họ́mọ́ònù ti ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì kánsà, àti HER2, purotéènì kan tó lè mú kí kánsà tètè máa dàgbà. Ẹ rí i pé wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, òun ló ń sọ oògùn tó máa bá tiyín mu.

Kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì kánsà, ló le jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí PCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, bá ti lọ sílẹ̀ wọ́n á ní kéèyàn padà sílé lọ jẹun dáadáa ná. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọ Kàbbà, kó tó fa oògùn pupa yẹn, doxorubicin, sí mi lára, ó jókòó tì mí, ó ní "Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá tọ̀ lónìí ó máa pupa o, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, oògùn ni." Ká ní kò sọ ọ́ ni, ẹ̀rù ì bá pa mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Òun náà ló ní bí ara mi bá gbóná lẹ́yìn kímò, kí n má gbé Panadol mì kí n lọ sùn, kí n gba ọsibítù lọ lóru náà, torí kímò máa ń dín àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà kù.

Nílé, ní Kubwa, òórùn epo gbígbóná ló ń mú mi bì, Hàjíà tá a jọ ń gbé kọ́ḿpáùǹdì sì rèé, kosai, àkàrà àwọn Hausa, ni wọ́n ń dín tà níwájú ilé. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn o. Wọ́n kàn gbọ́ tí mò ń bì láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ wọ́n ti kó ìdáná wọn lọ sẹ́yìn ilé níbi tí oníbàárà ò ti ní tètè rí wọn, wọ́n wá gbé kunun tsamiya wá fún mi, "Sannu, sannu." Ọjọ́ míì kunu yẹn nìkan ló ń dúró nínú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ ìyẹn tán láyé.

Wọ́n gé ọmú náà, mo sunkún gan-an. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri lójoojúmọ́ kí èjìká má bàa gan. Lẹ́yìn ìyẹn ni rediothẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa kánsà tó bá ṣẹ́ kù, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó ń rẹni, gósílóò Kubwa tún nìyẹn. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ń gbé Wuse láàárín ìlú ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ àwọn títí màá fi parí, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Tówó bá ń dà yín láàmú, ẹ béèrè nípa Cancer Health Fund, owó ìrànlọ́wọ́ ìtọ́jú kánsà ti ìjọba àpapọ̀, National Hospital wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

ER tèmi jẹ́ pọ́sítíìfù, torí náà Tamoxifen, oògùn tí kì í jẹ́ kí họ́mọ́ònù ráyè bọ́ kánsà, ẹyọ kan ni mò ń lò lójúmọ́ báyìí, ó kéré tán ọdún 5, wọ́n sì ń ya mámógíráàmù, ìyẹn X-ray ọmú, fún ọmú kejì fún mi lọ́dọọdún.