Bí a ṣe ń darí ilé àti iṣẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá bá àjàkálẹ̀ àrùn pàdé

Ní Ìbàdàn, oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ sábà máa ń wọlé, kì í sì í kẹ́rù rẹ̀ tán títí di oṣù Kejì ọdún tuntun. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ni, ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ni ó sì ń gbà wọ̀lú pẹ̀lú eruku rẹ̀. Tí ó bá mú dáadáa, ẹni tí ó dúró ní Bẹẹrẹ lówùúrọ̀ lè má rí Gbọ̀ngàn Mápó kedere, bẹ́ẹ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré ni pé kí á ti ilẹ̀kùn, kí á pa fèrèsé dé, kí á sì kó ara wa jọ sójú kan. Ní ọyẹ́ ọdún 2020 wọ 2021, àṣà yìí gan-an ni ó di ewu, nítorí pé àrùn kòrónà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, tí ó sì dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní oṣù Kẹta, tún ru sókè lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kejìlá. Èémí ni àrùn náà ń bá rìn. Ilé tí a tì pa, tí ènìyàn méje ń mí nínú rẹ̀, ni ó ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí a ṣe lè ṣe é tí ọyẹ́ kò fi ní da ara wa rú, tí a kò sì ní tìtorí ọyẹ́ há ara wa mọ́lé pẹ̀lú àrùn. Kòrónà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni ojú wa rí, ṣùgbọ́n àrùn yòówù tí ó bá ń gba ojú èémí ràn, bákan náà ni ẹ ó ṣe sí i.

Fèrèsé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òtútù ọyẹ́ kì í mú bákan náà láti òwúrọ̀ dé alẹ́: ìdájí ni ó máa ń mú jù, nígbà tí yóò bá sì fi di ọ̀sán, oòrùn a ti máa ta ènìyàn lára. Nítorí náà, láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí fèrèsé méjì tí ó dojú kọ ara wọn, tàbí fèrèsé kan àti ilẹ̀kùn kan, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde. Ní alẹ́, ìhà ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá ni kí ẹ tì, kí ẹ sì fi èyí tí ó kọjú sí gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Bí ẹ kò bá mọ ìhà tí ilé yín kọjú sí, ẹ wo etí fèrèsé tí eruku pọ̀ sí jù nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbà wọlé. Àwọ̀n ẹ̀fọn ojú fèrèsé máa ń gba eruku dúró, ṣùgbọ́n tí a kò bá fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eruku yóò dí i, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà mọ́. Ìyàwó mi tún máa ń ki kọ́tìnnì fẹ́lẹ́ kan bọ omi, yóò fún un gbẹ, yóò sì fi kọ́ ojú fèrèsé yàrá àwọn ọmọ kí wọ́n tó sùn. Ní òwúrọ̀, kọ́tìnnì funfun náà a ti rí bí aṣọ tí wọ́n fi nu mọ́tò.

Tí òtútù bá wá ń mú ẹnikẹ́ni, ara ni kí ẹ fi aṣọ bò, ẹ má bo ilé. Ohun kan wà níbí tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kìíní ọdún 2021, òtútù mú màmá mi tó bẹ́ẹ̀ tí eyín wọn ń gbọ̀n, ni mo bá gbé àdògán eléèédú, tí iná rẹ̀ ti pọ́n dáadáa tí kò sì rú èéfín mọ́, sí igun yàrá wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pè mí pé orí ń fọ́ àwọn, pé èébì sì ń gbé àwọn. Èmi rò pé kòrónà ti dé nìyẹn. Àbúrò mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó pariwo mọ́ mi lórí fóònù, tí kò tilẹ̀ rántí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, pé kí n gbé màmá jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà kíákíá, kí n sì gbé àdògán náà síta. Eédú tí ó ń jó nínú yàrá tí a tì ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí ojú kò lè rí, tí imú kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìn fèrèsé náà ń tú u jáde, ó sì lè pa odidi ìdílé mọ́jú. Omi gbígbóná tí a rọ sínú ike, tí a dé pinpin, tí a fi aṣọ wé, tí a sì gbé sí ìdí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ kúbùsù, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ òtútù náà láti ọjọ́ kejì.

Ọwọ́ fífọ̀ kò ṣòro láti gbọ́, ọyẹ́ ni ó mú kí ó ṣòro láti ṣe. Ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni wọ́n kọ́ wa, ọṣẹ dúdú sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fọwọ́ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ láàárín ọyẹ́, kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ yóò ti funfun, yóò sì máa là. Nígbà tí ọṣẹ bá kan ojú ibi tí ó là, kò ní fẹ́ fọwọ́ mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti jáwọ́. Òrí ni kí ẹ fi sí i. Ẹ bu ìwọ̀n hóró àgbàdo kan, ẹ fi pa ọwọ́ nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀, kí òrí lè há omi náà mọ́ inú awọ. Tí ẹ bá dúró kí ó gbẹ, orí awọ lásán ni òrí náà yóò jókòó sí. Sànítáísà dára fún inú ọkọ̀, tí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 60 nínú 100, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tí ó dọ̀tí. Nítorí pé inú ọyẹ́ ni kànga máa ń fà, a gbé ike tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kí omi lè máa ṣẹ́ jáde tínínrín, omi tí ó bá sì dà sínú báásì nísàlẹ̀ ni a fi ń wọ́n ilẹ̀ kí á tó gbá a. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ nígbà ọyẹ́.

Ní ti ìbòmú, ọyẹ́ ṣe wá lóore. Àwọn tí wọ́n ń sọ láàárín ọdún pé kò sí àrùn kankan ni wọ́n ń fi ìbòmú bo imú ní oṣù Kejìlá nítorí eruku, èmi kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó mú un wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá gbé àńkárá fún télọ̀ láti rán an, kí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ tan àbẹ́là, ẹ dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, ẹ fẹ́ ẹ: bí iná bá kú, ẹ dá a padà fún télọ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, inú ilé ni kí ẹ sì sá a sí, nítorí èyí tí a bá sá síta yóò ti gba eruku kún kí ó tó gbẹ.

Ìdààmú tí ó pọ̀ jù ní àkókò náà ni ti ọ̀fìnkìn. Nínú ọyẹ́, imú ta ni kì í ṣomi, ọ̀fun ta ni kì í gbẹ? Ojú lásán kò lè fi ìyẹn mọ̀ yàtọ̀ sí kòrónà. Ìlànà tí a fi lélẹ̀ nílé wa ni pé ẹni tí ọ̀fìnkìn nìkan bá ń bá jà, tí ó ń bá eruku wá tí ó sì ń bá eruku lọ, yóò wọ ìbòmú nínú ilé, yóò sì jìnnà sí màmá; ṣùgbọ́n ẹni tí ibà, ara ríro, tàbí ikọ́ gbígbẹ tí kò dáwọ́ bá kún un, kò ní jáde lọ síbi iṣẹ́, yóò sì lọ ṣe àyẹ̀wò. Ibà kan náà lè jẹ́ ti ẹ̀fọn, nítorí náà àyẹ̀wò méjèèjì ni kí ẹ ṣe. Ìyàwó mi a máa ṣí abọ́ irú sí gbogbo wa nímú láràárọ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ kò dí, tí kò sì gbóòórùn irú pẹ̀tẹ̀ ọjà Bódìjà, a kì í tún bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é, nítorí àìgbóòórùn jẹ́ àmì kòrónà.

Ní ti àwọn àgbà, kíkí kò le, nítorí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò gba ọwọ́ bíbọ̀. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti kí wọn tán. Ọdún ni ó le. Kérésìmesì àti ọdún tuntun ń bọ́ sí àárín ọyẹ́ gan-an, àwọn ará Èkó a sì máa rọ́ wálé, bẹ́ẹ̀ Èkó ni àrùn náà ti pọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ má dúró kí wọ́n dé Ìwó Róòdù kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ má sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹni tí ó jù yín lọ, ohùn ni kí wọ́n gbọ́. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni pé: “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Màmá ń retí yín, èmi náà ń retí yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ yìí kọjá ná. Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, èmi ni n ó san owó ọkọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní n kò sanwó ọkọ̀ fún àwọn rí. Wọn kò wá, wọ́n sì ń fi fídíò pe màmá láràárọ̀. Bí àlejò bá wá láìsọ tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi tàbí ìta gbangba ni kí ẹ gbé àga sí, kí ẹ sì bu oúnjẹ sí àwo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi náwó fún olóde, inú àpòòwé ni kí ẹ fi sí. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí. Ní ọyẹ́ yẹn, kò sí àjẹsára tí a lè gbà, nítorí ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni ti àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Bí ó bá ti wà ní ìgbà tiyín, àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ.

Nígbà tí oṣù Kejìlá náà ń parí lọ, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọn kò kọjá ipele 12 máa ṣiṣẹ́ láti ilé, mo sì wà lára wọn. Ẹ kọ wákàtí tí iná máa ń wà ní àdúgbò yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣètò ohunkóhun. Ní tiwa, òru ni iná máa ń dúró, nítorí náà mo ń jí ní agogo mẹ́rin, mo ń fi ìdájí ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó gba íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń fi ọ̀sán ka ìwé tí mo ti gbà sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dìde. Ní ti ará ilé, àlàyé kò tó, wọ́n nílò àmì: fìlà ni tèmi. Nígbà tí mo bá ti dé fìlà, mo ti lọ sí ọ́fíìsì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè mí wá gbé sílíńdà gáàsì. Àbíkẹ́yìn mi a máa rọra wá ṣí i lórí mi kí ó tó béèrè ohun tí ó fẹ́.

Ìyàwó mi kò lè jókòó sílé ta ata. Ó gbé àtẹ rẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀ síta, ó sì fi bẹ́ǹṣì kan dí iwájú kí oníbàárà má bàa máa fi orí kan orí. Ní ti ọkọ̀, inú Micra, ọkọ̀ èrò kékeré tí a ń wọ̀ ní Ìbàdàn, ni ó há jù. Ẹ̀bá fèrèsé ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ sì sọ gíláàsì kalẹ̀ dé ìdajì. Bí ẹnìkan bá ní eruku ń wọlé, ẹ má bá a jà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí á jọ fi ìbòmú bo imú, eruku kò ní rí wa gbé ṣe” ti parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi láàárín Mọ́kọ́lá sí Ṣàngó. Nígbà tí ilé ìwé ṣí padà ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbòmú méjì, a sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ bá ọ̀rẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n ń ṣe é.

Bí ẹnìkan bá wá kó àrùn náà, ẹ fún un ní yàrá tirẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí síta tọ̀sán tòru, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì tì sí ará ilé. Bí yàrá kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ gbé ẹní rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé, kí ẹ̀yin tó kù sùn sí ìhà ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìbòmú. Ẹnìkan péré ni kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kì í sì í ṣe àgbà ilé. Ẹ máa fún un ní omi àti ògì gbígbóná, kí ó sì lo parasẹtamọ́ọ̀lù bí ibà bá gbóná. Ẹ má fún un ní kòlòkúínì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn kan gbé e mì ní Èkó, oògùn ọ̀hún sì ṣe wọ́n bí májèlé. Omi gbígbóná tí a ń bo orí lé kì í pa kòrónà, ó sì lè bó ọmọdé lára. Bí ó bá mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi há ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀: bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 94 lọ, tàbí bí aláìsàn bá ń mí helehele, tí àyà ń fún un, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn kan náà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ ka ọjọ́ mẹ́wàá láti ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, kí ọjọ́ mẹ́ta sì tún kún un láìsí ibà àti ikọ́, kí ó tó jáde sáàárín yín. Lọ́jọ́ náà, ẹ kó ẹní àti ìrọ̀rí rẹ̀ sá sóòrùn, ẹ fọ kọ́tìnnì, ẹ sì fi fèrèsé yàrá náà sílẹ̀ gbayawu títí di ìrọ̀lẹ́.