Ẹ Yé Ka Àwòrán Madame X Báyìí

Madame X, àwòrán obìnrin tí ayàwòrán John Singer Sargent pàtẹ ní Salon, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ìlú Paris, lọ́dún 1884 ni mo máa ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wíwo àwòrán wò jù. Owó tí wọ́n ń fi ṣòfò lórí rẹ̀ ń dùn mí. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

1. Ẹ má ra ẹ̀dà olówó gọbọi. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Metropolitan ní New York, tó ni àwòrán náà, ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnìkan gbé èyí tó rà wá bá mi, ó ti fi gíláàsì bò ó. Etí obìnrin náà funfun bí ọrùn rẹ̀! Nínú ojúlówó, etí yẹn pupa kedere, ibẹ̀ la sì ti ń mọ̀ pé àtíkè ló sọ ara yòókù di funfun. Owó gidi ló fi ra irọ́.

2. Obìnrin náà kọ́ ló bẹ Sargent níṣẹ́. Sargent ló ń wá a kiri kó lè yà á.

3. Okùn èjìká. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á rí okùn aṣọ tó jókòó dáadáa léjìká ọ̀tún, wọ́n á ní, "Kí ló burú níbí tí àwọn ará Paris fi pariwo?" Okùn tí ẹ̀ ń wò yìí kọ́ ni wọ́n rí! Ní 1884, ó ti yọ̀ bọ́ sí apá. Fọ́tò ìgbà náà wà. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá obìnrin náà lọ bẹ Sargent pé kó gbé àwòrán náà kúrò níbi ìpàtẹ. Lẹ́yìn ìpàtẹ ló tó kun okùn náà padà sókè. Ohun tí ariwo mú ayàwòrán ṣe lẹ wá ń pè ní ìwà obìnrin náà. Ẹ̀dà mìíràn tí Sargent kò yà parí wà ní Tate, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní London, kò sí okùn léjìká ọ̀tún tibẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná.

Oṣù kékeré orí irun rẹ̀, àmì Diana ni, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù. Ẹ má fò ó.

Ẹ má sì sọ ọ́ di obìnrin àdììtú nítorí "X". Gbogbo Paris ló mọ Virginie Gautreau, ọmọ New Orleans, ìyàwó oníṣòwò báǹkì. Ìgbà tí Sargent ta àwòrán náà ní 1916, lẹ́yìn ikú obìnrin náà, ló ní kí wọ́n má lo orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní agbéraga torí pé ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé ẹ ti wo àwọn tí Sargent fi pẹ́ńsù yà nílé obìnrin náà ní Brittany, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1883? Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ayàwòrán ló yan ìdúró yẹn fún un.