Bọ́nẹ́ẹ̀tì Mazda MX-5 tó tẹ̀ wọnú: ẹ mú òòfà kẹ́ ẹ tó mú hámà

Ẹ̀yin oní-MX-5, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín bá tẹ̀ wọnú, ẹ fi òòfà kàn án. Kò ní lẹ̀ mọ́ ọn: alumíníọ̀mù ni, kì í ṣe irin bíi ti ilẹ̀kùn. Tí panel beater bá ń lù ú kíkankíkan, ó máa là. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa tì í láti abẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, hámà àti sáńpépà tó ti kan irin kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Eruku irin tó bá há sára rẹ̀ á mú kí alumíníọ̀mù náà máa jẹra lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà á sì wú. Body filler, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀, kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 3 lọ; hardener, ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le, ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n filler náà ti tó. Tí hardener bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ á yọ sójú ọ̀dà tuntun.