Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn tí kì í dáko

Bí wọ́n bá ní ènìyàn bíi 25 ló ń gbé àgọ́ kan, tí ẹran ìgbẹ́, oyin àti gbòǹgbò inú igbó jẹ́ oúnjẹ wọn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Agbo ilé ló wà lọ́kàn wa: baálé, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àwọn ìyàwó ilé, ilémosú kan tàbí méjì. Ẹ má fi agbo ilé wọn àgọ́. Ní 2011, Kim Hill, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò ẹni tó ń bá ẹni gbé láwùjọ 32 bẹ́ẹ̀. Òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará àgọ́. Ìbátan tó jìnnà, àna, àna àna, àti ẹni tí kò bá ọ tan rárá ló kù.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e ló le jù, nítorí ẹnu wa gan-an ló ń tì wá sí i. A ní obìnrin ń “lọ sílé ọkọ”, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni níbi gbogbo. Láàárín àwọn Ju/'hoansi ní aginjù Kàlàhárì, níbi tí Botswana ti bá Namibia pààlà, ọkùnrin ló máa ń kó lọ bá àwọn àna rẹ̀. Yóò máa pa ẹran fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta fi lè dé. Ẹ má pe ìyẹn ní ọ̀wẹ̀ àna o! Ọ̀wẹ̀ àna tiwa, o kó ọ̀rẹ́ lọ, ẹ kọ ebè, ẹ jẹun, ilẹ̀ ṣú, o padà sílé bàbá rẹ. Tiwọn, ibẹ̀ lo ń sùn, ojú àna lo ń jí sí.

Lọ́dọ̀ àwọn Hadza, lẹ́bàá adágún Eyasi ní Tanzania, kò tiẹ̀ sí ìnáwó. Ọkùnrin àti obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nídìí iná kan náà, wọ́n ti di tọkọtaya nìyẹn. Àgọ́ tí ìyá ìyàwó wà ni wọ́n sábà máa ń wà. Bí ọkọ bá rìn lọ tí kò padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyàwó lè gbà pé ó ti tán.

Nítorí èyí, àwọn kan á ní wọn kò lófin. Irọ́ ni. Orúkọ tí àwọn Ju/'hoansi ń jẹ́ kò pọ̀, wọn kì í sì í dá tuntun; orúkọ àgbà kan nínú ẹbí ni ọmọ ń jẹ́. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ tàbí ti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin. Ká ní ìyá rẹ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, kò sí Àbẹ̀kẹ́ tí o lè fẹ́, ì báà má bá ọ tan. Tí àbúrò rẹ bá tún jẹ́ Àṣàkẹ́, gbogbo Àṣàkẹ́ ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí àwọn tó wà nítòsí á fi tán, wàá wá ẹni fẹ́ lọ sí ibi kànga omi mìíràn tó jìnnà. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn: àlejò tó bá ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ, bàbá lo máa pè é, o ò sì lè ní kí ó máa lọ.

Ẹ má sì kà wọ́n sí arìnrìn-gbéregbère. Àwọn Ju/'hoansi ní ẹ̀bùn kan tí wọ́n máa ń fún ara wọn, tí wọ́n ń pè ní hxaro, tí ìlẹ̀kẹ̀ èèpo ẹyin ògòǹgò sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí omi bá gbẹ lọ́dọ̀ rẹ, tàbí tí ìjà bá ń rú, ọ̀dọ̀ ẹni tí o ti fún ní ìlẹ̀kẹ̀ lo ń kó lọ.

Wọn kì í sì í ṣe ènìyàn ayé àtijọ́. Ayé òde òní kan náà la jọ wà. Ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́, kó wo ibojì àwọn ọdẹ ayé ìgbàanì ní Sunghir, nítòsí ìlú Vladimir ní Rọ́ṣíà. Wọ́n hú ọmọkùnrin méjì níbẹ̀, tí wọ́n sin ní orí kan orí ní nǹkan bí 34,000 ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi eyín àjànàkú onírun ṣe. Ta ni kò ní rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni? Ní 2017, àyẹ̀wò DNA wọn jáde: wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá, wọn kò sì jẹ́ ìbátan tó sún mọ́ra.