Bí A Ṣe Ń Ra Fóònù Àlòkù Lọ́wọ́ Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Ní ọdún 2022, mo ra fóònù Android kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Ìbàdàn ní ₦62,000. Ojú rẹ̀ ń dán, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ kó tó tán, ó sì gba síìmù mi láìsí wàhálà kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, mo jí, mo tẹ̀ ẹ́, ohun tí mo sì bá lójú rẹ̀ ni ìkìlọ̀ kan pé kí n lọ san owó oṣooṣù tí mo jẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà tí mo lè pè. Èmi kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tó tà á fún mi ló rà á láwìn, tó san owó ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tà á kó tó san èyí tó kù. Nígbà tí ọjọ́ ìsanwó kọjá, àwọn tó tà á láwìn fún un ti fóònù náà pa láti ọ́fíìsì wọn. Mo pe nọ́ńbà ọmọkùnrin náà títí, kò lọ mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù nínú fóònù àlòkù ni pé kó má lọ bàjẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n fóònù tó bàjẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe, nígbà tí èyí tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á kò ní àtúnṣe kankan. Ìdí nìyí tí ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹni tó ń tà, tó ń gba orí nọ́ńbà àti àkáǹtì kọjá, kó tó kan ara fóònù fúnra rẹ̀. Owó ló ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀tìgbà, ọjà fóònù tó wà ní Ìkẹjà, lè fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti lọ bá a; ẹni tó pàdé yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ lè kàn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yẹ ẹni tó ń tà wò

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti rà á, ìgbà tó rà á, ìdí tó fi fẹ́ tà á, àti bóyá páálí àti rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó lo fóònù fún ọdún méjì kì í ronú kó tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ wádìí iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà pẹ̀lú. Bí èyí tí gbogbo ayé ń tà ní ₦200,000 bá di ₦90,000 lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ó sì ń kánjú pé òun gbọ́dọ̀ tà á lónìí, nǹkan kan ń lé e.

Ẹ pàdé ní ọ̀sán, níbi tí èrò wà tí kámẹ́rà sì wà, bíi inú báńkì tàbí ilé ìtajà ńlá, kí ẹ sì mú ẹnì kan dání. Ẹ má ṣe ra fóònù ní ibùdókọ̀ tàbí lójú títì. Àwọn tó ń ta fóònù ní irú ibẹ̀ ní ọgbọ́n kan tó ti gbó, tó sì ń mú ènìyàn síbẹ̀: fóònù gidi ni wọn yóò fi hàn yín, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó dúnàádúrà, wọn yóò wá gbà á padà lọ́wọ́ yín bí ẹni pé iye tí ẹ dá kò bá wọn lára mu. Bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, wọn yóò pè yín padà pé kí ẹ wá mú un. Èyí tí wọ́n máa wá dì sínú ọ̀rá fún yín ni ìkarahun fóònù òfìfo tí wọ́n fi fùfú tàbí ọṣẹ kún inú rẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́. Nítorí náà, bí fóònù bá ti kúrò lọ́wọ́ yín fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹ tẹ *#06# níbi tí a ti ń pe ènìyàn. Nọ́ńbà tó ní òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ ó rí ni wọ́n ń pè ní IMEI, fóònù onísíìmù méjì a sì máa ní méjì. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí, àti èyí tó wà nínú Settings, níbi tí wọ́n kọ About sí. Bí òǹkà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ dúró níbẹ̀: ó lè jẹ́ pé páálí ẹlòmíràn ni, tàbí pé wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú fóònù náà. Òǹkà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù àti irú èyí tó jẹ́. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà sí ojú ìwé bíi imei.info lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ fóònù tó gbé jáde kò sì jọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, a jẹ́ pé ayédèrú ni, tàbí kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Ó sàn kí ẹ gba nọ́ńbà yìí kí ẹ tó wọkọ̀. Àwọn olóòótọ́ kan wà tí wọn kì í fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Irú wọn yóò jẹ́ kí ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá pàdé. Ẹni tí kò bá gbà nígbà méjèèjì ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ nọ́ńbà yìí ni pé òun ni àwọn ọlọ́pàá fi ń tọpa fóònù tí wọ́n jí. Síìmù yòówù tí a bá fi sí i, nọ́ńbà ara fóònù kò yí padà, ẹni tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ wa ń bèèrè bóyá ẹni tó gba ẹrù olè mọ̀ pé olè ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ lè ti máa ṣàlàyé pé ẹ kò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rí i pé ó yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Láti ọdún 2013 ni iPhone ti ní àgádágodo tó so fóònù mọ́ àkáǹtì ẹni tó ni ín; Google náà fi irú rẹ̀ sí Android láti ìgbà Android 5.1, ní ọdún 2015. Ènìyàn lè nu fóònù náà mọ́ (ìyẹn reset, kí ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́) ní ìgbà mẹ́wàá, bí ẹni tó ni ín kò bá fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣí i, yóò padà wá bèèrè rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba fóònù tí wọ́n ti nù mọ́ láti ilé kí ẹ sì sanwó lójú ẹsẹ̀.

Bí iPhone bá ni, ẹ ní kí olówó rẹ̀ ṣí Settings lójú yín, kó tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, kó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ Sign Out sí, kó sì tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wọ General, kó lọ sí Transfer or Reset iPhone, kó sì nu gbogbo rẹ̀. Bí Android bá ni, kó yọ àkáǹtì Google kúrò nínú Settings, kó yọ ti Samsung pẹ̀lú bó bá jẹ́ Samsung, kí ó tó nù ún. Bí fóònù bá tún tan, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù tiyín, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lọ títí dé ojú tí a ti ń rí àwọn áàpù. Bó bá dúró lọ́nà, tó bèèrè ímeèlì tàbí páásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀, fóònù náà ṣì wà lábẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi àwáwí níhìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ló bá mi ṣí i, mi ò mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀." "Ẹ máa rí ẹni bá yín já a ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún." Ẹ dá a lóhùn pé kó lọ já a wá, ẹ ó dúró dè é.

Àgádágodo mẹ́ta mìíràn tún wà tí àkáǹtì kò fi hàn. Èkíní ni ti ilé iṣẹ́: bí ẹ bá ṣí Settings iPhone tí ẹ sì rí àkọlé lókè pé ilé iṣẹ́ kan ló ń darí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan ló ń ta ohun ìní ọ̀gá rẹ̀. Èkejì ni ti síìmù, tí kì í jẹ́ kí fóònù gba síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn, tó wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ wo About lórí iPhone. No SIM restrictions ló yẹ kó wà níwájú Carrier Lock. Ẹ fa àwo síìmù rẹ̀ jáde pẹ̀lú, bó bá ní, kí ẹ wò ó bóyá chip pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń yẹ àgádágodo náà sílẹ̀ wà lábẹ́ síìmù, nítorí owó irú iPhone oní-chip bẹ́ẹ̀ máa ń dín púpọ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ lè lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá nù ún mọ́ tàbí tí ẹ bá ṣe àfikún (update) sí i. Ẹ̀kẹta ni ti àwìn, èyí tó mú mi. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Device admin apps sí nínú Settings Android, bóyá áàpù ilé iṣẹ́ tó ń ta fóònù láwìn wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn kò ní hàn títí gbèsè yóò fi pẹ́, rìsíìtì tó sọ pé wọ́n ti san owó náà tán nìkan ló lè gbà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ara fóònù

Ẹ mú síìmù tiyín, ṣájà, páwà báńkì àti gbohùngbohùn etí (earpiece) dání. Ẹ pe ènìyàn, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ sì tún un gbọ́, ẹ ya fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi ìka fa áàpù kan káàkiri gbogbo ojú rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ibì kan ti kú. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, *#0*# máa ń ṣí ojú ìwé àyẹ̀wò kan tó ń fi gbogbo àwọ̀ hàn. Lórí iPhone, ẹ wo Battery Health. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ 80%, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ó ra bátìrì. Láti iOS 15.2 ni About ti ń sọ fún wa, lórí ọ̀pọ̀ iPhone, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú, àti bóyá ojúlówó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Model Number náà ń sọ̀rọ̀: M ni èyí tí wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó tà á, N sì ni èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ fóònù tó bàjẹ́. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ihò síìmù. Nínú ọ̀pọ̀ iPhone, àmì funfun kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń di pupa bí omi bá ti kàn án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó àti ìwé

Ẹ má ṣe san owó ìdádúró pé kí ẹnì kan bá yín tọ́jú fóònù tí ẹ kò tíì rí. Báńkì ni kí ẹ fi sanwó, sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín, kí orúkọ náà sì bá káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mu. Bó bá ní kí ẹ san án sí ti ọ̀rẹ́ òun, ẹ bèèrè ìdí. Owó ọwọ́ rọrùn, ṣùgbọ́n kì í fi ipasẹ̀ kankan sílẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ tẹ owó náà lọ, ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, irú fóònù, òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, iye owó àti ọjọ́ náà, kí ó sì kọ ọ́ pé òun ló ni ín àti pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó lórí rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà àti káàdì rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, nítorí pé inú fóònù náà gan-an ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kó ẹ̀rí sí, bó bá sì tì pa, ẹ̀rí náà tì pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá délé, ẹ tún un nù mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ṣe gbogbo àfikún tó bá bèèrè, kí ẹ tó fi áàpù báńkì sí i. Bí ọlọ́pàá bá pè yín nípa rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ mú ìwé náà lọ, ẹ mú agbẹjọ́rò dání bí agbára bá gbé e, ẹ má sì ṣe sáré lọ tà á fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé àwìn ló tì í, ẹ bèèrè iye tó kù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gbà á ní àkọsílẹ̀ pé wọn yóò ṣí i bí ẹ bá san án. Mo bèèrè tèmi. ₦71,000 ló kù, ó ju iye tí mo rà á lọ, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè fi wá ẹni tó tà á fún mi. Ó ṣì wà nínú àpótí kan nílé, pẹ̀lú ìkìlọ̀ rẹ̀ lójú.